Ọkọ Mi Gba Iyọ̀ Lẹ́nu Àwọn Kòkòrò

Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wàhálà ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí òtútù bá ń mú un, gbogbo wa la máa wọ súwẹ́tà. Bí orí bá ń fọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan rédíò. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ̀ ń pè é ní Bàbá Onímọ̀ràn, ó sì gbà pé ṣe ni wọ́n ń yẹ́ òun sí.

Táǹkì ló ń ṣọ́ nílé-iṣẹ́ awọ. Iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sára awọ màlúù kó má baà jẹrà, nígbà tí wọ́n bá sì wá fọ̀ ọ́, omi ẹ̀ á kún fún iyọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá. Inú ọ̀sà ni wọ́n ń da omi yẹn sí tẹ́lẹ̀, títí ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú léfòó, tí ìjọba sì ti ilé-iṣẹ́ pa. Ẹnjiníà kan, obìnrin, ló yọ wọ́n. Ó lọ kó àwọn kòkòrò àìfojúrí wá láti inú adágún oníyọ̀, ó dà wọ́n sínú táǹkì. Iyọ̀ tó ń pa kòkòrò mìíràn, inú ẹ̀ làwọn yìí ti ń ṣe fàájì. Wọ́n á jẹ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á jẹ ọ̀rá, omi á sì mọ́ kó tó dọ́sà. Tí wọ́n bá ti wà láàyè, omi táǹkì á pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Iṣẹ́ ọkọ mi ò ju kó máa tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, kó sì máa wo àwọ̀ omi. Ẹnjiníà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi omi ẹ̀rọ kún un. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe fún wa nílé tí à ń gbé. Bí iṣẹ́ bá lọ, ilé náà lọ nìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Dókítà ní kí ọkọ mi jìnnà sí iyọ̀, ó délé, ó da agolo iyọ̀ wa nù. Ó ní ohun tó bá lè pa òun lè pa gbogbo wa. Ẹ̀wà láìníyọ̀, ẹyin láìníyọ̀! Àbíkẹ́yìn wa wá ń di iyọ̀ sínú bébà, ó ń fi pamọ́ sínú báàgì ìwé ẹ̀ bí ẹni jí nǹkan.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ń jẹun lọ́wọ́, ó mí kanlẹ̀. Ó ní àánú àwọn kòkòrò yẹn ń ṣe òun, pé tọ̀sán tòru wọ́n wà nínú iyọ̀, kò sẹ́ni tó gba ẹjọ́ wọn rò. Mo rán an létí pé ẹnjiníà ní iyọ̀ yẹn ni ẹ̀mí wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń fa sìgá ṣe máa ń sọ. Mo rò pé àwàdà ni.

Àfi ìgbà tí ẹnjiníà rìnrìn àjò. Ọkọ mi fa rọ́bà sínú táǹkì, ó sì ṣí omi ẹ̀rọ sí i. Ó ń súfèé wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní àwọn ọmọ òun ti mu omi gidi. Nígbà tó yá, omi táǹkì ò pọ́n mọ́, ó wá ń yọ̀ bí ilá, ó ń rùn. Ó ní iyọ̀ ló ń jáde lára wọn, ó tún fi omi kún un. Bẹ́ẹ̀ àwọn olùyẹ̀wò tí ìjọba ń rán wá wo omi náà ò ní pẹ́ dé.

Òórùn yẹn ni ẹnjiníà kọ́kọ́ bá pàdé nígbà tó dé. Mo gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ mi, ojú mi ló ṣe. Ẹnjiníà béèrè ẹni tó fi omi sí táǹkì. Ọkọ mi gbáyà sókè, ó lóun ni.

Ẹnjiníà ò pariwo. Ó ní, “Bàbá, inú iyọ̀ la bí wọn sí. Omi aláìníyọ̀ tí ẹ fún wọn ló wọ̀ wọ́n lára títí tí wọ́n fi bẹ́.”

Ọkọ mi, tó máa ń ní èsì fún òjò, wo inú táǹkì, ó sì lọ yọ rọ́bà náà.

Wọ́n dí ojú ọ̀nà omi pa kó má baà dọ́sà, iṣẹ́ dúró, àwọn olùyẹ̀wò ìjọba sì fún wọn ní gbèdéke. Ọ̀gá àgbà ní kí ọkọ mi máa lọ, ká kó jáde nílé. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Ẹnjiníà lọ kó kòkòrò mìíràn wá, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì bá wa bẹ ọ̀gá. Ni wọ́n bá gbé ọkọ mi kúrò nídìí táǹkì lọ sí yàrá iyọ̀, kó máa fi ṣọ́bìrì kó iyọ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, ó délé, ó ní igún ṣoore ó pá lórí. Mo ní kó rántí pé orí tiẹ̀ ti pá tipẹ́ kó tó ṣoore.

A jókòó sídìí oúnjẹ, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ agolo iyọ̀ tuntun, ó gbé e síwájú àbíkẹ́yìn wa.

“Bu iyọ̀ sí i,” ó ní, “kí o má baà bẹ́.”

Ọmọ wò mí, mo wo ọmọ. Ó bu díẹ̀ sórí ẹ̀wà ẹ̀. Bàbá ẹ̀ na ọrùn wo àwo náà, ó ní kò tíì tó.