Tábìlì Ẹni Mẹ́rin

"Ledbetter, ẹni mẹ́rin. Ledbetter, ẹni mẹ́rin."

Ohùn obìnrin ni, ó ń gba inú sípíkà kan tí wọ́n so mọ́ igi jáde, ó ń há bíi ti ẹni tí òtútù dí nímú. Twyla Ledbetter kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tó gbọ́ ọ. Ó jókòó pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti Royce ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì onígi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún tó wà nínú ọgbà eré ní Florida. Bàbá rẹ̀ ti já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí. Ohùn náà ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò lè wọlé, torí ilé oúnjẹ yẹn kì í fún ẹnikẹ́ni ní ìjókòó àfi tí gbogbo wọn bá pé. Ohun tí Twyla rántí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni bí ohùn náà ṣe ń dákẹ́, tó tún ń bẹ̀rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ò sì mira, títí fìlà bàbá rẹ̀ fi yọ láàárín èrò.

Twyla ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógójì báyìí. Ọkọ̀ ilé ìwé ló ń wà ní Waycross, ní Georgia, ó sì ti ń wà á láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Kò lọ́kọ, kò sì jọ pé ó ń wá ọkọ. Inú ilé tó dàgbà sí ló ṣì ń gbé, òun àti Vonda ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ tó ń gbé léèrè nípa rẹ̀, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ó máa ń ka orí. Á kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń gòkè, á tún kà wọ́n nínú dígí. Bí ọkọ̀ bá ti ṣófo tán, á rìn lọ dé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, á máa fọwọ́ kan àga kọ̀ọ̀kan, kó má lọ jẹ́ pé ọmọ kan ti sùn lọ síbẹ̀. Kò ṣì í kà rí.

Harlan bàbá rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ọkọ̀ rélùwéè ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló máa ń fi sinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún, ní oṣù kẹwàá, ọgbà eré yẹn náà ni wọ́n sì máa ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gun ohunkóhun níbẹ̀, kó gùn ún. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa jẹun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dá sí. Bó bá ti ku ọgọ́ta ọjọ́ gééré kí wọ́n lọ, ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá ṣí ìwé fún àwọn tó fẹ́ gba tábìlì, ẹ máa bá a nídìí tábìlì ìdáná, kọfí lápá ọ̀tún, ìwé àjákọ kan lápá òsì. Inú ìwé yẹn ló máa ń kọ ibi tí wọ́n jẹun lọ́dọọdún sí, àti ohun tí kálukú jẹ, àti ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. "Búrẹ́dì le bí òkúta." "Royce bì." "Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dá wa lóhùn, tíì wọn dáa."

Ó kú ní oṣù kejì ọdún tó kọjá. Àtìgbà yẹn ni Vonda ò ti jẹun mọ́. Kò sunkún ju bó ṣe yẹ lọ, orí rẹ̀ pé, ó ń gé ewéko iwájú ilé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n á bu ṣíbí kan, á gbé ṣíbí kalẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ti ń bọ́ sínú omi tó fi ń fọwọ́. Dókítà pe Twyla sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní bí nǹkan bá ń lọ báyìí, kí ọdún tó parí, rọ́bà ni wọ́n máa fi máa gba imú fún un lóúnjẹ, òun ò sì mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ á gbà á.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, Twyla ṣí ìwé bàbá rẹ̀. Ó rí i pé ibì kan wà tí bàbá rẹ̀ kọ ọ́ sí lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pé "Vonda jẹun tán." Ilé oúnjẹ etí adágún yẹn ni.

Síbẹ̀, ó bi ìyá rẹ̀. "Màmá, ibo lẹ fẹ́ ká ti jẹun?"

"Ibi tí bàbá ẹ bá yàn."

"Màmá."

"Mo gbọ́ ẹ. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Èmi ni mo mú táì tí wọ́n fi sin ín. Ibi tó bá yàn ni mo wí."

Nígbà tó ku ọgọ́ta ọjọ́, Twyla jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí, fóònù lọ́wọ́. Wọ́n ṣí ìwé. Ó rí ilé oúnjẹ náà, ó rí aago kan ọ̀sán, fóònù sì bi í pé ẹni mélòó. Ìka rẹ̀ tẹ mẹ́rin kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ìgbà tí fóònù dá a lóhùn pé tábìlì ẹni mẹ́rin ti di tirẹ̀ ló tó rí ohun tó ṣe. Bó bá fagi lé e kó lè tún un tẹ̀, tábìlì á lọ, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló jí ní àkókò kan náà tí ìka wọn wà lórí fóònù. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pe Royce, tó ń ta táyà ní Valdosta.

"Mo tẹ mẹ́rin."

"Mẹ́rin ti ta?" ni Royce wí. "Kò burú. Ìwọ náà mọ̀ pé ara mi gba àga méjì."

Ní ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì hòtẹ́ẹ̀lì ló gbé wọn dé ọgbà. Oòrùn mú, àwọn ọmọdé ń ké lókè lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ eré já ṣòòròṣò. Aṣọ búlúù tí Vonda wọ̀ ń fẹ́ lára rẹ̀ bí ẹni pé orí okùn ni wọ́n sá a sí. Ọmọbìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, báàjì àyà rẹ̀ sì sọ pé Marisol lorúkọ rẹ̀. Twyla fi fóònù hàn án.

"Ẹ káàsán o. Ledbetter, ẹni mẹ́rin." Ó wò wọ́n. "Ẹni mẹ́ta ni mo rí."

Twyla la ẹnu, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ó ń wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí. Ó máa dé."

"Kò burú, mà. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, tí ẹ bá ti pé màá pè yín. Ẹ má bínú, òfin ilé ni."

Royce tẹ̀ sí etí àbúrò rẹ̀. "Ọkọ̀ wo?"

"Royce, dákẹ́."

"Mo ní ọkọ̀ wo? Bọ́ọ̀sì ló gbé wa wá."

Twyla rọra pa dà sọ́dọ̀ Marisol, ó ní àwọn ò ju mẹ́ta lọ. Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní tó bá yí i sí mẹ́ta, ẹ̀rọ á gba tábìlì náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì lọ sẹ́yìn àwọn tó ń dúró, ó tó wákàtí kan àbọ̀. "Mo lè bá yín di tiyín mú fún ogún ìṣẹ́jú. Bóyá ẹni yẹn á dé."

Twyla wo ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin tí kò lè dúró fún wákàtí kan lójú oòrùn ni. Á ní kí wọ́n máa gbé òun lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ ọjọ́ yẹn á sì tún lọ bẹ́ẹ̀. Bó bá ní kí Marisol yí i, ìyá rẹ̀ ò ní jẹun. Bí kò bá ní kó yí i, irọ́ ni òun ń pa, kò sì yé e ẹni tí òun ń pa irọ́ náà fún.

"Bá wa dì í mú," ló sọ.

Ó pa dà lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì. Vonda ti gbé báàgì rẹ̀ kúrò lápá òsì, ó gbé e lé itan, àyè tó gba èèyàn kan sì wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan ò jókòó sí, bí èrò ṣe pọ̀ tó. Bàbá kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́ wá síbẹ̀, ó wo àyè náà, ó ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó sì kọjá lọ. Twyla gbójú sókè. Igi ọjọ́sí ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti tú sípíkà kúrò lára rẹ̀, ìkọ́ onípáànù tó ti dípẹtà ló kù. Orí fóònù ni wọ́n ti ń pe èèyàn láyé òde òní. Ló bá gbọ́ ọ.

"Ledbetter, ẹni mẹ́rin."

Marisol ni, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹnu pè wọ́n. Ó lè jẹ́ pé òtútù ló dí i nímú. "Ẹ ti pé. Ẹ máa bọ̀."

"Àánú wa ló ṣe é," Royce sọ, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tò tẹ̀ lé ọmọbìnrin náà. Twyla ló kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọ̀nà tó gba àárín tábìlì kọjá há bí ọ̀nà inú ọkọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́ máa ka orí tó wà níwájú. Ó yára wolẹ̀. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdí fèrèsé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún, kò kà.

Ìwé oúnjẹ mẹ́rin ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Bàbá arúgbó tó ń gbé oúnjẹ fún wọn kò béèrè ohun tí wọ́n máa mu. Ó gbé tíì oníyìnyín mẹ́ta wá, ó ní ṣúgà ti wà nínú ìwọ̀nyí, ó sì gbé ẹ̀kẹrin síwájú àga tó ṣófo. "Èyí ò ní ṣúgà."

Ní ìlú wọn, oògùn lèèyàn ń mu bó bá mu tíì tí kò ní ṣúgà. Harlan nìkan ni Twyla mọ̀ tó ń mu ún.

"Adìyẹ díndín ni tèmi," Vonda sọ, ó sì nawọ́ sí àga tó ṣófo. "Kí ẹ bá òun gbé ẹja àrọ̀ wá, pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Royce wí. "Mo bẹ̀ yín."

"Ṣé ìwọ lo máa san án?"

"Èmi ni mo máa san án."

"Ṣé owó ni ò sí?"

"Jẹ́ kí wọ́n, Royce," Twyla sọ.

Oúnjẹ dé. Vonda mú itan adìyẹ kan, ó gé e jẹ. Ó tún gé e jẹ. Twyla ò mí dáadáa, bí ẹni tí ẹyẹ bà lé èjìká rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan gba orí adágún kọjá, ó fun fèrè rẹ̀, gbogbo ilé oúnjẹ yíjú sí fèrèsé. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà tí wọ́n yíjú pa dà, ẹja àrọ̀ ò sí nínú àwo mọ́. Egungun rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹnì kan tò ó sí etí àwo, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, bí eyín ìyarun.

Royce wo Twyla. Twyla wo Royce.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́?"

"Ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹja àrọ̀? Egungun rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù." Ó fa àwo kábéèjì sún mọ́ra. "Ṣé búrẹ́dì yẹn ṣì kù?"

Ó jẹun tán.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, Twyla dúró lọ́dọ̀ Marisol. "Kí ló dé tí o fi ní a ti pé?"

"Mo kà yín ni, mà. Ẹ̀yin mẹ́ta, àti bàbá onífìlà tó jókòó ti màmá." Ó wò yíká. "Àbí ará ibòmíì ni? Èrò pọ̀ lónìí, ẹ má bínú."

Ní hòtẹ́ẹ̀lì, Twyla ṣí ìwé bàbá rẹ̀ sí ojú ewé tó kàn. Ó kọ ọjọ́, ó kọ orúkọ ilé oúnjẹ. Ó pẹ́ kó tó kọ èyí tó kù: "Vonda jẹun tán." Kò kọ ohun tí kálukú jẹ.

Nígbà tí wọ́n pa dà sí Waycross, Vonda ò fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò bínú, ó kàn gbé ọwọ́ lé itan, ó ń dúró. Twyla jókòó tì í títí oúnjẹ fi tutù. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbé àwo kan sí i sórí tábìlì, ó bu oúnjẹ sí i. Ìyá rẹ̀ mú fọ́ọ̀kì.

Ó ti wà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Òrùka ti há pa dà. Dókítà ní ohunkóhun tí wọ́n bá ń ṣe, kí wọ́n máa ṣe é lọ. Royce kì í wá jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi mọ́. Orí fóònù ló ti ń béèrè.

"Ṣé wọ́n ń jẹun?"

"Wọ́n ń jẹun."

"Àwo mélòó?"

"Royce."

"Mo kàn ń béèrè ni."

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹja ni wọ́n dín. Wọ́n jẹ ẹ́ nígbà tí oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Vonda ní kí Twyla má bínú, òun ò lè jókòó ti iná ìdáná mọ́, ó sì jáde lọ sí fàráńdà lọ gba atẹ́gùn. Twyla bọ́ sí ìdí bàsíà. Ó fọ àwo tirẹ̀, ó fọ ti ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ tí àga fàráńdà ń dún, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Kò yọjú wò wọ́n. Ó mú àwo kẹta, ó gbá àwọn egungun tí wọ́n tò sí etí rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí, ó fi ọṣẹ fọ̀rá kúrò lójú rẹ̀, ó ṣàn án, ó fi aṣọ nù ún gbẹ, ó sì gbé e lé orí àwọn yòókù.