Ewúrẹ́ Tó Gbé Ìyá Ọkọ Mi Dìde

Mo ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè láti Kútọnù pé àwọn ń bọ̀ wá dúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, torí Màámi, ìyá wọn, ti ń rìn. Inú mi dùn. Àfìgbà tí wọ́n ní kí n ṣẹ́ igi sílẹ̀, ewúrẹ́ Màámi ni àwọn máa pa.

Látìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú ni Màámi ti dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn. Àwọn ọmọ ra ọ̀pá ìtilẹ̀ aláràbarà. Aṣọ ni mò ń sá lé e. Wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mò ń wò ó. Ọjọ́ kan ni ewúrẹ́ já okùn, ó wọ oko àgbàdo aládùúgbò. Màámi dìde tèébú-tèébú, wọ́n lé e dé ọ̀nà Bánígbé. Látọjọ́ náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Màámi ló ń dà á lọ jẹko, àwọn méjèèjì á sì máa jà bí orogún.

Nílé ọkọ mi ní Ìfọ̀nyìn níbí, agbo ilé ẹni tí a ń dúpẹ́ fún ni ẹran ìdúpẹ́ ti ń jáde. Lọ́jọ́ Àìkú náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ dókítà, lọ́wọ́ ara wọn, pàápàá ara wọn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ewúrẹ́, àfi ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ.

Mo kúnlẹ̀, torí ìyàwó ilé kì í dúró sọ irú ẹ̀.

“Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹsẹ̀ tí ẹ wá dúpẹ́ fún, ewúrẹ́ yìí ló gbé e dìde. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ lónìí, ta ni Màámi á máa lé lọ́la?”

Wọ́n ní ṣé káráyé gbọ́ pé àwọn wakọ̀ láti Kútọnù wá jẹ ẹja ni. Wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí Màámi fi yọ, okùn lọ́wọ́, ewúrẹ́ lẹ́yìn.

“Ẹ máa dúpẹ́ yín lọ. Àkókò oúnjẹ èyí ti tó.”

Wọ́n gba àárín àga kọjá, gbogbo wa ká ẹsẹ̀ kò.

“Bọ́n, ó dáa,” ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. Wọ́n bi mí bóyá ẹja wà.

Nígbà tí àwọn ará Kútọnù lọ tán, ọmọbìnrin mi ń bá mi gbọn eruku ìró mi, ó ní kí ló dé tí mo kúnlẹ̀ nígbà tí n kò jẹ̀bi.

Mo ní, “Eruku ni tèmi, ọmọ mi, ó ti gbọ̀n dànù. Bí ìyá àgbà bá tún dùbúlẹ̀, ìyẹn ò ní gbọ̀n dànù.”