Epo Tí A Rọ fún Màlúù Bàbá Onílé

Títí di òní, bí òórùn epo pupa bá ta sí mi nímú láti ara èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, ara mi kì í gbà á. Ìyàwó mi rò pé inú rírun ni. N kò tíì sọ fún un pé ìtìjú ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, wọ́n gbé mi láti ìlú Ọ̀yọ́ wá sí Odígbó kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ẹ̀yin ará mi, orí mi wú! Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni mo máa ń wọ̀ lọ sóko, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé tíṣà ni mo jẹ́, pé n kì í ṣe àgbẹ̀. Ilé bàbá ọmọ Ìkálẹ̀ kan ni mo gbà sí, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Òrè kí ojú tó dá a dúró. Ojú òsì ti fọ́ tán. Ọ̀tún náà ti ń ṣú, dókítà sì ti sọ fún un pé bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ sí i kí ọdún náà tó parí, ó ti lọ nìyẹn. Ni Bàbá bá kó gbogbo ohun tó ní jọ, ó ra ọ̀dọ́ akọ màlúù mẹ́rin, ó ṣe ọgbà fún wọn lójú ọ̀nà Ajue, ó sì gba darandaran kan pé kó máa tọ́jú wọn. Ó fẹ́ bọ́ wọn sanra kó tà wọ́n nígbà Iléyá, kó sì fi owó rẹ̀ ṣe ojú.

"Tíṣà, màlúù mẹ́rin yìí ni ojú mi o," ló sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn dé. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

Nígbà tí Iléyá ku bí oṣù mẹ́ta, egungun ìhà wọn ṣì hàn síta. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a máa fi epo sí oúnjẹ wọn. Mo ṣàlàyé fún Bàbá pé ọ̀rá ní agbára ju àgbàdo lọ, pé díẹ̀ nínú rẹ̀ á mú kí ẹran tètè dàgbà. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Epo kò sì wọ́n wa, torí pé ní Ajue níbẹ̀ ebu tí wọ́n ti ń fọ epo wà káàkiri. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ife kan fún màlúù kan lójúmọ́, tí a pò mọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ àti èérí àgbàdo. Kí oṣù tó pé, ara wọn ti ń dán, ìdí wọn ti kún. Àwọn alápatà ń yà wá wò wọ́n. Bàbá tí kò ríran dáadáa mọ́ máa ń fi ọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn, á sì bú sẹ́rìn-ín: "Áà, ìwé yìí dára o!" Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Dókítà Màlúù. N kò bá wọn jà.

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Àmọ́ mo rò ó pé bí ife kan bá ṣe tó báyìí, mẹ́rin á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, n kò wọn epo mọ́, ṣe ni mo kàn ń dà á. Darandaran náà wá bá mi níwájú ilé láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n tó lọ síléèwé.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín epo yìí kù. Wọn ò jẹ àpọ̀jẹ mọ́. Màlúù tó bá dùbúlẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ò mì, àìsàn ni."

Mo bi í pé iléèwé wo ló lọ. Ojú àwọn èèyàn ni mo ti bi í, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó wolẹ̀, ó mú àdá rẹ̀, ó lọ gé koríko.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí màlúù fi kọ oúnjẹ. Ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n ń yà, epo sì ń dán lójú rẹ̀. Ìyàwó Bàbá wò wọ́n, ó ní májèlé ni wọ́n jẹ. Lágbègbè wa yẹn, bí èèyàn tàbí ẹran bá jẹ májèlé, epo ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún un mu. Ìyá lọ gbé kẹ́ẹ̀gì epo tuntun wá. Ọkàn mi ti ń sọ fún mi pé epo gan-an ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ká má rọ ọ́, wọ́n á béèrè ìdí, màá sì ní láti dáhùn. Ni mo bá fi ọwọ́ méjèèjì di orí màlúù mú, Ìyá ń fi ìgò rọ epo sí i lọ́fun. Darandaran ń bẹ̀ wá, ó ń sọ pé koríko gbígbẹ nìkan ni ká fún wọn. A tún rọ ti màlúù tó kàn.

Méjì kú lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀kẹta kú lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹrin kò kú, ṣùgbọ́n egungun lásán ló kù, alápatà kankan kò sì yà wò ó mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo ṣí ìwé tí mo kọ ní yunifásítì. Mo rí ibi tí mo fa ìlà sí, pé ọ̀rá ń mú màlúù sanra. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé bí ó bá ti pọ̀ jù, á bo koríko inú ikùn rẹ̀, á sì pa àwọn ohun kéékèèké tí ojú kò lè rí, tó ń bá a lọ koríko náà, ebi á sì pa ẹran náà pẹ̀lú oúnjẹ nínú. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. N kò fa ìlà sí ìyẹn.

Bàbá ní darandaran ló kó àìsàn wá láti inú agbo ẹran àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní kó kúrò lójú òun lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà kò wo Bàbá rárá, èmi ló ń wò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń so okùn bàtà mi tí kò tú. Ó ká ẹní rẹ̀, ó gba ọ̀nà Òrè lọ, n kò sì rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Iléyá dé, ó kọjá. Ọdún parí. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ọdún tuntun máa fi rọ̀, Bàbá kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé mi kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń yà kí i. Mo máa ń pinnu lójú ọ̀nà pé lọ́tẹ̀ yìí màá sọ ọ́. Lóṣù tó kọjá, mo bá àlejò kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá gbọ́ ohùn mi, inú rẹ̀ dùn, ó na ọwọ́ wá mi kàn.

"Tíṣà tí mo ń sọ fún ọ nìyí," ló wí fún àlejò náà. "Ó gbìyànjú fún mi, kò sí ohun tí kò ṣe. Ká ní kì í ṣe ti darandaran burúkú yẹn ni, mi ò bá máa rí ojú rẹ̀ báyìí."

Ó yí ojú sí ọ̀gangan ibi tí mo jókòó sí, ó ń retí kí n fèsì.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."