Ebè Tí A Kọ Nítorí Gbèsè Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù

Ọjọ́ tí wọ́n fi mí ṣe kóòṣì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa ní Ṣakí, kò sí jẹ́sì kankan nílẹ̀. Alágbàfọ̀ ti kó gbogbo wọn pamọ́. Ó ní bí a kò bá san owó oṣù mẹ́ta tí a jẹ òun, òun á máa wọ̀ wọ́n lọ sóko. Awakọ̀ tó ń gbé wa lọ gbá bọ́ọ̀lù níta náà ní a jẹ òun lówó, òun kò gbé wa mọ́. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba ni, àwọn olóṣèlú tó ń náwó fún ẹgbẹ́ sì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tíṣà lásán ni mí, owó oṣù tèmi gan-an kì í délé.

Ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù mi. Mo lọ bá Alhaji kan tó ní oko iṣu ńlá lọ́nà Ìgbòho, a sì ṣàdéhùn pé àwọn ọmọ mi yóò fi ọjọ́ méjì kọ ebè fún un, yóò sì sanwó fún iye ebè tí wọ́n bá kọ. Lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀dọ́ bá péjọ sóko, ìdíje ni. Ẹni tó bá gbẹ́yìn nínú poro, wọn a fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí oúnjẹ á fi jinná. Èmi náà tún wá koná mọ́ ọn: mo ní kí àwọn tó ń gbá iwájú kojú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn, kí iṣẹ́ lè yá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a rí owó alágbàfọ̀ san.

Músílíù ló ń gbá ọwọ́ òsì fún wa. N kò tíì rí irú ẹsẹ̀ òsì bẹ́ẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ ńlá kan n'Ìbàdàn ti ránṣẹ́ pé kó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí àwọn wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú mi.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jókòó lónìí. Ẹ̀rù ẹsẹ̀ yìí ló ń bà mí."

"Bí mo bá dá ọ sí, kí ni n ó sọ fáwọn yòókù? Òní nìkan ló kù."

Irọ́ ni mo pa fún un, kì í ṣe tàwọn yòókù ni mò ń rò. Òun ló yára jù nínú wọn, owó awakọ̀ sì ni mò ń wò. Ó gbé ọkọ́, ó lọ. Kí oòrùn tó kàn àtàrí, òun àti ẹnìkan tí wọ́n jọ ń díje sún mọ́ra jù, ọkọ́ onítọ̀hún sì bà á lẹ́yìn gìgísẹ̀ òsì. Iṣan ló gé. Wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà ní ọsibítù, ó jinná, ṣùgbọ́n kò lè sáré mọ́. Àwọn ará Ìbàdàn mú ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ kò bá mi jà, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ìyẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣayẹyẹ fún mi, wọ́n pè mí jáde, wọ́n ní èmi ni mo gbà wọ́n lọ́wọ́ gbèsè. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Músílíù, tó ti di àgbẹ̀, dìde wá bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Kóòṣì, ẹ ò jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kú. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń wá ọ̀nà àtisọ fún un pé kó má bínú. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mo ní, "Àmín. Iṣu ọdún yìí ńkọ́?"

Ó ní iṣu ta dáadáa, ó sì tiro padà lọ jókòó.