Ìyá Dé-Ibẹ̀-Yẹn àti Àwọn Àlejò Rẹ̀

Ọjọ́ tí Ìyá Dé-Ibẹ̀-Yẹn sin ẹni tó wá ka mítà iná sọ́nà, ọjọ́ kẹta ló tó padà wálé. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí ládùúgbò, àfi kó jẹ́ pé àná ló kó dé. Ọkùnrin náà ka mítà tán, ó ní òun ń lọ. Màmá sọ síbí ọbẹ̀ kalẹ̀. "Kí n kàn bá ọ dé ibẹ̀ yẹn," ló wí. Áà, ẹ wá wo ibi tí wọ́n ń pè ní ibẹ̀ yẹn! Wọ́n dé ìkóríta, ìtàn tí Màmá ń sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni. Wọ́n dé gáréèjì, awakọ̀ ní kí èrò wọlé, Màmá bá wọn wọlé, torí ó ti kan ibi tí ìyàwó inú ìtàn ti fẹ́ na ọkọ rẹ̀. Ìlú kejì ló ti sọ̀ kalẹ̀, tòun ti sílípáàsì inú ilé.

Onídìrí ló pa iná ìdáná. Ọmọ àbúrò Màmá ni. Láti ìgbà tí ìyá tó bí i ti kú ní kékeré rẹ̀ ló ti ń gbé níbẹ̀. Ó wá Màmá títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó rí i tó ń bọ̀ láàárín ìyàwó ẹni tó ka mítà àti ìyá ìyàwó.

"Màmá! Níbo lẹ wà láti ìjẹta?"

"Ṣé o ò rí àwọn tó sìn mí wálé ni? Bu omi fún wọn."

Àwọn àlejò mu omi tán, wọ́n dìde. Màmá náà dìde. Onídìrí sáré lọ gbé sílípáàsì Màmá pa mọ́.

Ìtàn yìí ni wọ́n ń sọ ní pálọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin òkú Màmá tán, tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Onídìrí ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ilé ti di ti Olùkọ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá fi inú ara rẹ̀ bí, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, tó sì ti kó ẹrù rẹ̀ dé báyìí. Àwọn méjèèjì ló ń pe olóògbé ní Màmá, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló bí. Ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí Onídìrí máa lọ. Ẹnikẹ́ni ò sì tíì ní kó dúró.

"Ti olè wá ńkọ́?" Káfíńtà tó ń gbé òdìkejì títì ló béèrè, ẹ̀rín sì ti gba ẹnu rẹ̀.

Màmá ló jí lójú oorun ọ̀sán, tó bá ọkùnrin kan ní pálọ̀ tó gbé rédíò mọ́ àyà. Olè náà ń wo ẹnu ọ̀nà. Màmá ní, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ìwọ lo fẹ́ bá wa tún un ṣe? Ṣé wọ́n ti fún ọ lómi?" Olè ní òun ti mu. "Ó dáa, kí n kàn bá ọ dé ibẹ̀ yẹn."

Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò yà. "Ẹ wá kí ọmọ mi o, òun ló ń bá wa tún rédíò ṣe!" Gbogbo ayé wo olè lójú, wọ́n kí i dáadáa. Bábà tó ń gẹ irun tiẹ̀ bi í pé níbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, nítorí rédíò tòun náà ń ṣe ségesège. Òógùn bo olè. Nígbà tí Màmá ní káwọn yà ní tèṣán ọlọ́pàá kí òun kí ọ̀gá ibẹ̀, ó gbé rédíò lé e lọ́wọ́: "Màmá, ó ti tán!" Màmá tan rédíò, rédíò fọhùn. "Ẹ wo ọwọ́ iṣẹ́! Kò tiẹ̀ tú u!" Títí tó fi kú, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé rédíò ọ̀hún ò bàjẹ́ rí.

Olùkọ́ nu omijé ẹ̀rín. "Tèmi ni ti géètì."

Orúnkún ló ń dun Màmá nígbà náà. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kọjá géètì mọ́. Olùkọ́ pè é lórí fóònù, ó ní kó ṣèlérí. Màmá ṣèlérí: òun ò ní kọjá géètì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe wẹ́dà, ó ní ìpẹtà ti ń jẹ géètì, kó gbé e lọ. Onídìrí ti ṣọ́ọ̀bù dé, òpó méjì ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ń ti ìkóríta bọ̀, ó ń tẹ̀pá, ó ń kọrin.

"Màmá! Ṣebí ẹ ṣèlérí!"

"Géètì wo ni mo kọjá?"

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ kọ̀ pátápátá. Orí àga lẹ́nu ọ̀nà ló wá ń jókòó, tó ń fojú sin èèyàn. Ibi tí ìtàn bá kù sí, á máa pariwo rẹ̀ tẹ̀lé wọn, àwọn tó ti dé ìkóríta á sì máa dáhùn. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n jí i, tí kò jí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, nígbà tí àwọn tó wá kí wọn fẹ́ máa lọ, Olùkọ́ ń dìde sìn wọ́n dé géètì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sin Káfíńtà sọdá títì pàápàá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Onídìrí gbé báàgì jáde. Olùkọ́ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ká aṣọ Màmá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń lọ o. Màá ṣì máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù ná."

"Ó dáa."

Olùkọ́ ò dìde. Onídìrí dúró, ó dúró títí, ọ̀rọ̀ náà bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ ò tiẹ̀ ní sìn mí dé géètì? Káfíńtà tó jẹ́ pé títì lásán ló fẹ́ sọdá, ẹ sìn ín!"

"Àlejò ni Káfíńtà. Ìwọ, ǹjẹ́ Màmá sìn ọ́ rí?"

Onídìrí ronú. Iléèwé ni, ṣọ́ọ̀bù ni, ìrìn àjò ni. "Rárá. Inú yàrá ni wọ́n ti máa ń sọ pé kí n tètè dé."

"Wọn ò sin èmi náà rí. Mo bínú sí i lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n. Wọ́n ní ta ló ń sin ọmọ ilé?" Olùkọ́ na ọwọ́ mú aṣọ mìíràn. "Tètè dé, jọ̀ọ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù yẹn."

Onídìrí sọ báàgì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó jáde lọ. Kò sẹ́ni tó sìn ín.