Ilé Kan Kò Gba Lucy Méjì

Béjidé ṣí fìlà rẹ̀, ó rọra fi bo ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Lẹ́yìn náà ló na ìka kan, tó fi kan tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Fìlà ńkọ́, Bọ̀dá?" Mọ́nsúrátù, akọ̀wé, bi í.

"Kò yẹ kí ìyálé máa wò wá."

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Béjidé Ọlágòkè ní Òkè-Fìà, fìlà yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ tó ń pín ọmọ kòkó fún àwọn àgbẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí gbogbo fáìlì wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àwọn yàrá yòókù ti ń bu fáìlì. Ó sọ ọ́ ní Lucy, orúkọ ìyàwó rẹ̀ nílé, tó ń ṣe tíṣà. Tí iná bá lọ, á jáde sí kọrídọ̀, á ní, "Lucy ti sùn." Àwọn àlejò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ní 1997, wọ́n ra tuntun. Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọbìnrin Òkè-Baálẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, ló kó gbogbo fáìlì sínú rẹ̀. Owú dé.

"Tuntun yìí mà yára o," Mọ́nsúrátù wí.

"Ta ló ń lé e?"

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn àmì tí wọ́n ń tẹ̀ láti ṣí fáìlì kò ṣí nǹkan kan mọ́. Ọ̀dọ̀ Lucy ni gbogbo wọn ṣì ń lọ, ilé Lucy sì ti ṣófo. Òjò ti ń ṣú. Àwọn àgbẹ̀ láti abúlé Iléṣà kún kọrídọ̀, lọ́rì dúró, orúkọ wọn sì wà nínú fáìlì tí kò ṣí.

"Rẹ̀mí, wá wo tèmi."

"Rẹ̀mí, dákun."

Kò sẹ́ni tó pe Béjidé. Ó lóṣòó ti Lucy bí òṣómàáló ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè, ó ń fa wáyà tí kò bàjẹ́.

Rẹ̀mílẹ́kún wá kúnlẹ̀ tì í. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sọ tuntun ní Lucy. Gbogbo rẹ̀ á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ méjì ò lè jẹ́ Lucy nínú ilé kan."

"O fẹ́ kí n gba orúkọ lọ́wọ́ ìyálé, kí n fún ìyàwó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o ti lọ́kọ?"

"Rárá, sà."

"Mo mọ̀."

Ìyá àgbẹ̀ kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, bí òjò yìí bá bá wa níbí, títì oko wa ò níí ṣeé gbà mọ́."

Béjidé wo ojú ọ̀run. Ó dìde. Kò jẹ́ kí Rẹ̀mílẹ́kún tẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gba orúkọ náà lára àtijọ́, òun ló fi fún tuntun. Kó tó pa àtijọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó sọ nǹkan kan fún un. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Fáìlì ṣí. Láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀mí.

Ọ̀gá ní kó máa gbé àtijọ́ lọ sílé. Béjidé wé wáyà mọ́ ọwọ́, ó gbé e mọ́ àyà.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e," Mọ́nsúrátù wí.

"Ìyàwó ẹni kì í wúwo."

Ó gba àárín àwọn àgbẹ̀ tó ń gun lọ́rì kọjá, ó ń rìn lọ létí títì, díẹ̀díẹ̀.