Mò Ń Bọ̀ O, Ẹ Má Tíì Sùn

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn kafúrà tí wọ́n ń fi sáàárín aṣọ, màá kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Òórùn yàrá olùkọ́ mi ní Pobẹ̀ ni. Yàrá kékeré kan ni, lẹ́yìn ilé, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà ọ̀pẹ, àmọ́ o kò ní mọ̀ pé fèrèsé wà níbẹ̀, nítorí olùkọ́ mi ti ta okùn yí inú yàrá náà ká, ó sì ti kó gbogbo aṣọ inú àpótí rẹ̀ sá sórí okùn, ìró lé ìró, títí kan aṣọ òfì tí ọkọ rẹ̀ rà fún un kí ọkọ náà tó kú. Ó ní aṣọ máa ń gbé ariwo mì. Àárín àwọn aṣọ yẹn ló gbé àpótí ìjókòó kan sí fún mi, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí ń gba ohùn sílẹ̀ síwájú mi. Tí mo bá ti wọ ibẹ̀, n kì í gbọ́ adìyẹ mọ́, n kì í gbọ́ alùpùpù ojú títì mọ́. Ohùn ara mi nìkan ni mò ń gbọ́, ó sì máa ń súnmọ́ mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

O mọ̀ mí. O mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ra gààrí lọ́wọ́ mi ní ọjà Sakété, àfi kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti etí bọ̀ mí lẹ́nu kó tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí láti kékeré. Ní kíláàsì kẹrin, kí wọ́n tó mú mi kúrò nílé ìwé nígbà tí àìsàn ìyá mi bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n dìde kàwé, omi á kún ojú mi. Olùkọ́ yìí ló máa ń wá dúró lẹ́yìn mi, á gbé ọwọ́ lé mi léjìká, á ní, "Èmi ni kó o kà á fún. Àwọn tó kù kò sí níbí." Màá sì kà á. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń móoru, ẹfun ìkọ̀wé máa ń wà ní ìka rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni mo rántí nígbà tó ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí mo ti dàgbà, tí ìyá mi sì ti kú.

Olùkọ́ mi ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, orí rẹ̀ ti funfun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nílé, wọ́n ń pọn ọmọ-ọmọ, òun ń gbé báàgì kọ́ èjìká lọ sí yunifásítì ní Kútọnu, ó ń jókòó ti àwọn tó lè bí. Oyè dókítórà ló ń wá. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá bàbá mi, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbé ní abúlé wa lápá Takon, ó ní, "Dókítà? Ní orí funfun yẹn? Ṣé ó fẹ́ máa gún wa lábẹ́rẹ́ ni?" Mo ní rárá, dókítà ìwé ni. Ó wò mí, ó ní, "Ìwé náà ń ṣàìsàn ni?" A rẹ́rìn-ín títí tí gààrí tí mò ń yan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, orí mi ń wú. Nínú gbogbo ọmọ tí obìnrin yẹn ti kọ́, èmi ló rántí.

Ohun tó fẹ́ ṣe dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fẹ́ kí fóònù máa sọ èdè wa. Ó ní àwọn ìyá wa ń gbé àgbàdo láti Ìta-Jẹ̀bú wá sí Sakété láìmọ̀ pé owó rẹ̀ ti já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ Faransé ni gbogbo nǹkan tó yẹ kó sọ fún wọn ń sọ. Ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìyá àgbà yóò tẹ fóònù, tí ohùn ọmọ rẹ̀ yóò dá a lóhùn. Kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, ó nílò ohùn ẹnì kan. Ó ní tèmi ló fẹ́. "Ìwọ kì í pariwo," ló wí. "Ẹni tí kì í pariwo ni etí ń fẹ́ gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tí ń lọ sí Pobẹ̀ ní ọjọ́ tí kò bá sí ọjà. Mo pe àgbàdo, mo pe ẹ̀gẹ́, mo pe òjò, mo pe orúkọ gbogbo ọjà agbègbè wa. Olùkọ́ mi á ti etí bọ inú ohun tó fi ń gbọ́ ọ, á máa mi orí. Inú rẹ̀ kò dùn. "Ò ń kàwé," ló máa ń wí. "N kò fẹ́ kó o kàwé. Bá mi sọ̀rọ̀." Èmi kò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bọ́ bàtà, ó wọlé wá bá mi láàárín àwọn aṣọ náà, ó jókòó débi pé orúnkún wa kan ara wọn. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Èmi ni kó o sọ ọ́ fún. Àwọn tó kù kò sí níbí."

Mo bá sọ̀rọ̀. Mo sọ nípa ìyá mi. Mo sọ bí mo ṣe máa ń gbé gààrí lọ sí Sakété nígbà tí àìsàn náà ti le, tí ìyá mi ń sùn ṣáá, tí ẹ̀rù sì máa ń bà mí pé bí ó bá sùn nígbà tí n kò sí nílé, kò ní jí. Kí n tó jáde, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá ní, "Mò ń bọ̀ o, ẹ má tíì sùn." Ìyá mi á ní, "Ojú mi là sílẹ̀ bí ojú ẹja." Tí mo bá padà dé, á la ojú náà rangandan kí n lè rí i, a ó sì rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ ọjà kan, òjò dá alùpùpù tó gbé mi dúró lójú ọ̀nà Takon. Nígbà tí mo dé, kò la ojú. N kò sọ èyí fún ẹnì kankan rí. Ìyá bàbá mi nìkan ló mọ̀, nítorí òun ló wà ní yàrá kejì, tó máa ń gbọ́ wa.

Olùkọ́ mi ń sunkún. Ó ní, "Báwo lo ṣe máa ń sọ ọ́? Sọ ọ́ fún mi bí o ṣe ń sọ ọ́ fún un." Mo sọ ọ́. Ó dì mọ́ mi, mo fi imú bọ inú èjìká rẹ̀, òun náà ń rùn kafúrà bí àwọn aṣọ rẹ̀. Ìgbà tí mo gbé ojú sókè ni mo rí iná pupa kékeré orí ẹ̀rọ náà, tó là sílẹ̀, tó ń wò wá. Mo ní, "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìyẹn rẹ́." Ó nu ojú mi pẹ̀lú etí ìró rẹ̀. "Ìyẹn ò ní kúrò láàárín àwọn aṣọ yìí, ọmọ mi." Ohun tó sọ nìyẹn. Mo sì gbà á gbọ́ bí mo ṣe gbà á gbọ́ ní kíláàsì kẹrin pé àwọn tó kù kò sí níbẹ̀.

Ó gba dókítórà náà. Ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kútọnu tó mọ ìdí kọ̀ǹpútà. Wọ́n gba ilé òkè kan ní Sakété, lójú títì tó lọ sí Pọ́tònófò, wọ́n fi gíláàsì ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ó ní kí n wá. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó lẹ́yìn, nídìí ògiri, láàárín àwọn obìnrin tó ń ta gààrí. Mò ń rò ó lọ́kàn pé bó bá pe orúkọ mi, ṣé màá lè dìde. Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn, pé ó lè pè mí.

Ó so fóònù mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó tẹ ẹ́. "Ẹ káàbọ̀," ni ohùn mi wí, ó sì kún gbogbo ilé náà. Gbogbo irun ara mi dìde. Ẹ̀rọ náà ti ṣa ọ̀rọ̀ mi jọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀kùrọ́, ó ń tò wọ́n bó ṣe wù ú, ó ń fi ẹnu mi sọ ohun tí n kò sọ rí. Olùkọ́ mi ní kó wá iye tí wọ́n ń ta àgbàdo. Fóònù náà dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tó ń wá a lọ́wọ́, ó ní, "Mò ń bọ̀ o, ẹ má tíì sùn."

Ilé náà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó jókòó tì mí gbá mi nítan, ó ní, "O ò gbọ́ ni? Ẹ̀rọ yìí mọ̀ wá o! Ó mọ̀ pé a máa ń tòògbé nídìí igbá!" Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọkùnrin kan tó so táì béèrè nǹkan ní Faransé, olùkọ́ mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. "Wọ́n ń béèrè pé ohùn ta ni. Mo ní kì í ṣe ohùn ẹnì kankan. Ẹ̀rọ ló dá a." Ojú rẹ̀ kọjá lára mi bó ṣe kọjá lára ògiri.

Láàárín oṣù díẹ̀, gbogbo Sakété ti ń tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ náà. Àwọn sémìjáà tí ń fi alùpùpù gbé èrò sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi di àwàdà. Bí èrò bá pè wọ́n, wọ́n á kígbe láti òdìkejì títì pé, "Mò ń bọ̀ o, ẹ má tíì sùn!" Ọmùtí ń fi sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ní ìdí gààrí mi, obìnrin kan fetí sí mi, ó pe ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Wá gbọ́ ọmọ yìí, ó ń fara wé fóònù!" Mo ní, "Ohùn mi ni." Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Àǹtí Fóònù! Tẹ méjì fún wa, ká gbọ́ iye àgbàdo ní Pobẹ̀!" Láti ọjọ́ náà, ohùn mi tún rẹlẹ̀ sí i.

Ìyá bàbá mi ló rán mi níṣẹ́. Ó gbọ́ fóònù náà ní ilé aládùúgbò wa, ó sì wá bá mi nídìí ààrò. "Ọ̀rọ̀ yẹn ti bá ìyá rẹ wọ ilẹ̀," ló wí. "Ta ló hú u?"

Mo lọ bá olùkọ́ mi nínú ilé gíláàsì náà. Ọ̀dà tuntun ló ń rùn níbẹ̀, kò sí kafúrà. Ó ti pa irun rẹ̀ láró. Mo ní, "Màdáàmù, ẹ ní kò ní kúrò láàárín aṣọ." Ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bí mo bá ní ohùn ọmọ kan ni mo gbà sílẹ̀, àwọn tó fẹ́ fún wa lówó á ní kí wá ni mo ṣe? Wọn ò ní fún mi ní nǹkan kan." Ó jókòó. "Ọmọ mi, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oko ní ìrọ̀lẹ́ kò ráyè bẹ oòrùn." Mo rí i pé òótọ́ ló ń sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo ní kó yọ gbólóhùn kan yẹn nìkan, kó fi ìyókù sílẹ̀. Ó mi orí. "Ìyẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ràn."

Ó wá yí tábìlì náà ká, ó wá sí ẹ̀yìn mi. "Ó ku iṣu àti ata," ló wí pẹ̀lẹ́. "A ò tíì gbà wọ́n sílẹ̀, Faransé ni ẹ̀rọ ṣì ń sọ bí wọ́n bá béèrè wọn. Àwọn aṣọ ṣì wà lórí okùn ní Pobẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Mo yẹ èjìká mi. Ọwọ́ náà dúró sí afẹ́fẹ́ níbi tí mo fi í sílẹ̀ sí, mo sì jáde. N kò tíì fojú kàn án láti ọjọ́ náà.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí n kò sọ fún ẹlòmíràn. Ní ọ̀sán kan tí ìyá bàbá mi lọ sóko, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá mi, mo sì tẹ nọ́ńbà náà fúnra mi. Mo béèrè gààrí. Ó dákẹ́, ó ní, "Mò ń bọ̀ o, ẹ má tíì sùn." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ ọ bí ìyá mi ṣe ń gbọ́ ọ. Mo ti rò pé mò ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn ọmọdé tí ẹ̀rù ń bà, tó ti gbé ẹrù karí, tí kò sì lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà àfi tí ẹnì kan bá pa á lẹ́rìn-ín. Ìdí tí ìyá mi fi ń pe ara rẹ̀ ní ẹja nìyẹn, kí n lè lọ. Mo dá fóònù náà lóhùn, mo ní, "Ojú mi là sílẹ̀ bí ojú ẹja." Ohùn mi kò mọ̀ mí. Ó sọ iye gààrí fún mi, ó sì pa.

N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ mi fún ìyẹn. Ẹni tó jí ìkòkò rẹ, tí o wá rí ohun tó wà nídìí rẹ̀ nígbà tó ń gbé e lọ, olè ṣì ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún gbogbo tí mo fi ń dákẹ́, ìtìjú ni mo fi ń dákẹ́. Ìdákẹ́ kan ṣoṣo ló wà tí mo fi ọwọ́ ara mi yàn. Bí o bá pe nọ́ńbà yẹn lónìí, tí o béèrè àgbàdo, èmi ni o máa gbọ́. Béèrè iṣu, tàbí kó o béèrè ata: Faransé ni wàá gbọ́.